Lórí Ọ̀rọ̀ Omi Adìẹ Níbi Ìsọ̀ Ìyá Ọkọ Rẹ

Adigbe,
Abẹ́òkúta.

Mọ́ńsúrá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kú ilé, kú ìrọ́jú. Ara èmi le, ara ìyá rẹ náà le, yàtọ̀ sí orúnkún rẹ̀ tó máa ń bá a jà bí òjò bá ti ṣú. Ṣé Wasiu ọkọ rẹ wà dáadáa? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara láàárín ẹ̀yin méjèèjì báyìí, ṣùgbọ́n mo ní ìrètí pé o ṣì ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀. Ìjà kì í gba ìkíni lẹ́nu ọmọ tí a kọ́.

Nígbà tó o pè mí lọ́jọ́ Àtàláátà, ẹkún ni mo ń gbọ́ ju ọ̀rọ̀ lọ, fóònù yẹn náà sì ń já. Ohun tí mo rí kó jọ nìyí. O wà ní ìsọ̀ ìyá ọkọ rẹ ní ọjà Itori, níbi tó o ti ń bá wọn tu adìẹ láti ìgbà tó o ti wọlé ọkọ. Tíṣà kan wá ra adìẹ. Wọ́n pa á, wọ́n tì í bọ inú ìkòkò omi gbígbóná tí wọ́n ti ń lò láti àárọ̀, ni ìwọ bá sọ lójú tíṣà yẹn pé, “Màámi, omi yìí ti dọ̀tí, àrùn ló wà níbẹ̀.” Tíṣà gba owó rẹ̀ padà, ó kọjá sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá ọkọ rẹ ò pariwo. Wọ́n kàn ní kó o lọ sinmi nílé, wọn ò sì tíì ní kó o padà wá. Wasiu wà láàárín, kò mọ ẹ̀yìn ẹni tó máa dúró sí. O wá bi mí pé, “Bàbá, ṣé kí n di ẹnu mi kí n máa wò wọ́n níran ni, àbí kí n kó ẹrù mi wá sílé?”

Mi ò fẹ́ dáhùn lórí fóònù. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Mo ní kí ìyá rẹ bá mi wá bíróò, ó sì bi mí bóyá ìwé ìpíngún ni mo fẹ́ kọ. Awakọ̀ kan tó máa ń gba Itori kọjá láti Kuto ló máa bá mi mú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Jókòó síbi tó pa rọ́rọ́ kó o tó kà á, má sì kà á lójú ìyá ọkọ rẹ.

Èkíní, kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa dùn mọ́ ẹ: o jàre lórí omi yẹn. Bí o kò bá jàre, èmi ni kí wọ́n dá lẹ́bi, torí ìsọ̀ mi ní Kuto lo ti kọ́ ohun tó o mọ̀. Láti kékeré lo ti ń jókòó sórí àpótí níbẹ̀, tó o máa ń ka adìẹ fún mi, tó o sì máa ń ṣì wọ́n kà.

Ṣùgbọ́n gbọ́ tẹnu ìyá ọkọ rẹ náà. O ní wọ́n máa ń sọ pé omi tó ti gbó ló ń já ìyẹ́. Wọn ò purọ́. Gbogbo àwa tí a ń pa adìẹ la mọ̀ ọ́n. Bí omi náà bá ti gba ọ̀rá lára adìẹ bíi mélòó kan, ìyẹ́ á máa bọ́ bí ìgbà téèyàn bọ́ ẹ̀wù. Bí o bá da omi náà nù, tó o gbé tuntun kaná, adìẹ àkọ́kọ́ á fi ìyẹ́ ṣe agídí fún ẹ. Ìdí nìyẹn tí oníṣòwò kì í fi í fẹ́ da omi àárọ̀ nù. Ohun tí wọn ò rò ni pé ọ̀rá nìkan kọ́ ni adìẹ ń fi sílẹ̀ nínú omi. Orí ara wọn làwọn adìẹ yẹn ń dúró sí nínú àgò láti oko títí dé ọjà. Ìgbẹ́ ti òkè wà lára ti ìsàlẹ̀, ó wà lẹ́sẹ̀, ó wà lábẹ́ apá. Adìẹ tó bá wọ inú ìkòkò á fi tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á gbà níbẹ̀, títí tí ọjà á fi tú.

Wọ́n lè ní omi náà gbóná, kòkòrò wo ló máa yè nínú rẹ̀? Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ mọ̀ pé a kì í ti adìẹ bọ omi tó ń hó yaya, nítorí awọ rẹ̀ á fàya, oníbàárà ò sì ní gbà á. A máa ń bu omi tútù lé e ni. Omi tí kò lè ṣe awọ adìẹ ní nǹkan kan, kò lè pa gbogbo kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí omi bá ti ń ki, tó sì ń rùn, kí a dà á nù, kí a fọ ìkòkò, kí a gbé òmíràn kaná. Adìẹ àkọ́kọ́ tó bá ṣe agídí, kí a fi sùúrù tu ú.

Ìyẹn ò tó o, torí báàfù tí a ti ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn tí a bá là á tán burú ju ìkòkò lọ. Jẹ́ kí n sọ fún ẹ bí èmi náà ṣe kọ́ ọgbọ́n ti báàfù. Èmi àti ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni, ìsọ̀ tèmi náà ò sì tíì pẹ́ púpọ̀. Àkókò ìrun Alásárì tó, mo gbé búta mi, mo ń wá ibi tó mọ́ tí mo ti máa ṣe àlùwàlá. Ìyá rẹ wà nídìí báàfù, ó ń fọ adìẹ. Omi báàfù yẹn ti pọ́n, ìyẹ́ ń léfòó lójú rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ ò kúkú ṣe àlùwàlá yín nínú omi yìí, kí n lè ráyè lo búta.”

Mo ní ṣé orí rẹ̀ pé.

Ó ní, “Ẹ má bínú. Mo rò pé omi tó bá dáa fún ohun tó ń lọ sẹ́nu èèyàn á dáa fún ẹsẹ̀ yín ni.”

Àbẹ̀kẹ́, inú bí mi. O mọ ẹnu ìyá rẹ. Mo lọ kírun, mi ò sì mọ ibi tí mo kéwú dé tí mo fi sálámà. A kì í jẹ́ kí omi tó ti kan ẹsẹ̀ ẹnìkan padà sínú búta kí ẹlòmíràn tún fi wẹ ojú. Láti kékeré ni áfà ti kọ́ wa pé kí a da omi sára, kó ṣàn lọ, kó má padà. Síbẹ̀ adìẹ tí èèyàn fẹ́ jẹ, inú omi kan náà la ti ń fọ ti gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ra búta fún adìẹ. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo wá lu kẹ́ẹ̀gì, mo fi ẹnu ẹ̀rọ sí i, mo gbé e kọ́ sókè kí omi lè máa ṣàn láti òkè wá sílẹ̀. Adìẹ kan, omi tirẹ̀. Bó o bá fẹ́ ṣàlàyé fẹ́nikẹ́ni ní Itori, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àrùn. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlùwàlá, á yé wọn.

Èkejì, ọ̀rọ̀ Bìsìmílà. Mo bọ̀wọ̀ fún orúkọ Ọlọ́run, mi ò sì tíì pa adìẹ kan láìpè é rí. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ń sọ adìẹ di halali ni, kò lè sọ ọ́ di alára líle. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Lamidi, ọ̀gá mi, bí adìẹ bá ti ń tòògbé nínú àgò, tó fi orí há abẹ́ apá, wọ́n á ní, “Rafiu, yára, kí ọ̀bẹ bá a láàyè, kó má di òkúǹbete.” Ọwọ́ mi sì yá nígbà náà. Ṣe ni mo máa ń yangàn pé kò sí adìẹ tó lè kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀bẹ bá wọn láàyè lóòótọ́, àìsàn sì bá ọ̀bẹ náà dé ilé oníbàárà. Adìẹ tó bá ń tòògbé, yà á sọ́tọ̀. Bó bá kú, kó kú. Àdánù ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n tiwa ni àdánù náà, kì í ṣe ti ẹni tó wá rajà.

Ẹ̀kẹta, ìfun. Wo bí gbogbo wa ṣe máa ń fara balẹ̀ nídìí òróòro. Bí òróòro bá bẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, gbogbo ìsọ̀ á gbọ́, torí ó korò, oníbàárà á sì padà wá bú wa. Ìfun bẹ́, a ó fi ọwọ́ nù ún, a ó máa bá iṣẹ́ lọ, torí ìfun ò korò. Ahọ́n la fi ń ṣe adájọ́. Ọmọ mi, ìfun ni kó o bẹ̀rù. Là á wẹ́rẹ́, fà á jáde lódidi, bó bá sì bẹ́, fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, fọ ọ̀bẹ, kó o tó fọwọ́ kan òmíràn. Àwọn àgbà ló ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun. Ọwọ́ ni wọ́n mẹ́nu bà.

Mi ò ní sọ pé ẹ̀kẹrin, torí èyí tó kàn yìí, ẹ̀rín ni ìyá rẹ máa ń fi mí rín bí mo bá ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ pákó tí a fi ń gé ẹran ni. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ àpọ́n, mo gé adìẹ fún oníbàárà kan tán, mo fi àkísà nu pákó, mo ra ẹ̀wà lọ́wọ́ aládùúgbò mi lọ́jà, mo sì gé àlùbọ́sà àti tòmátò tútù lé e lórí pákó yẹn kan náà. Mo jẹ ẹ́, mo lá ìka. Kó tó di ọjọ́ kejì, èébì ń gba òkè, ìgbẹ́ gbuuru ń gba ìsàlẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí n lọ fojú han àwọn òbí ìyá rẹ. Kàkà kí wọ́n rí ọkọ nínú agbádá, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n ti wá wò mí, dírípù ní apá kan, póò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àna mi ọkùnrin kàn ń wo póò yẹn.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé mo ní ayé ló ṣe mí. Mo ní ẹlẹ́wà ló fún mi ní nǹkan jẹ, torí ọjà mi ń tà, inú rẹ̀ ò sì dùn. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìyẹn lórúkọ jẹ́ tán kí nọ́ọ̀sì kan tó bi mí pé àwọn yòókù tó jẹ nínú ẹ̀wà náà dà. Gbogbo wọn wà lẹ́nu ọjà wọn. Èmi nìkan ni mo gé àlùbọ́sà sórí pákó adìẹ. Mo lọ bẹ ẹlẹ́wà, ó sì gba ẹ̀bẹ̀ mi. Kó o tó sọ pé ọ̀tá ló ń bá ẹ jà, kọ́kọ́ wo pákó rẹ. Pákó adìẹ, adìẹ nìkan. Kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n da omi gbígbóná lé e, kí oòrùn sì gbẹ ẹ́.

Mo ti gbè ẹ́ tó. Ó kan ibi tó o ti ṣì í.

Òótọ́ tó o sọ dára, ibi tó o ti sọ ọ́ ni kò dára. Ìyá ọkọ rẹ ti di opó kí Wasiu tó dá ẹsẹ̀ tẹ̀ nílẹ̀ dáadáa. Nídìí ìkòkò omi gbígbóná yẹn ni wọ́n ti tọ́ ọ, tí wọ́n rán an nílé ìwé, tí wọ́n ti rí owó tí wọ́n fi wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó o sọ lójú àlejò pé omi náà dọ̀tí, etí wọn gbọ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n fi ayé wọn ṣe ló dọ̀tí. Bó bá jẹ́ èmi lo sọ ọ́ sí lójú oníbàárà ní Kuto, n bá ti lé ẹ ju ilé lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko mọ́ni lọ́wọ́. O ní ẹnu ìyá rẹ, Àbẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n o gbàgbé pé nígbà tí ìyá rẹ sọ tèmi fún mi, kò sí oníbàárà kankan nítòsí.

Nítorí náà, lọ bẹ ìyá ọkọ rẹ. Kúnlẹ̀ kalẹ̀, kó o sọ pé, “Màámi, ẹ má bínú. Mi ò bọ̀wọ̀ fún yín lójú oníbàárà, kò sì ní ṣẹlẹ̀ mọ́.” Má tọrọ àforíjì lórí omi o. Pé o sọ ọ́ lójú tíṣà ni kó o tọrọ àforíjì lé lórí. Má sì fi “ṣùgbọ́n” kún un. Ẹ̀bẹ̀ tó bá ní “ṣùgbọ́n” nínú, ìjà ló tún fẹ́ dá sílẹ̀.

Ìbéèrè rẹ ló kù. Ṣé kó o di ẹnu rẹ? Rárá, mi ò ní gbà ẹ́ nímọ̀ràn ìyẹn láé. Ro ẹni tí àwa èèyàn máa ń torí rẹ̀ ra adìẹ tútù lọ́jà. Ìyá ọlọ́mọ tuntun ni, kó lè fi omi ọbẹ̀ ata lára yá. Bàbá arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn ni. Ọmọ tí oúnjẹ ò wù ni. Àwọn tí ara wọn ò le ni wọ́n ń pa á fún, àwọn náà sì ni ìgbẹ́ gbuuru lè gbé lọ. Wọ́n á ní iná á pa ohun tó wà nínú ẹran. Bẹ́ẹ̀ ni, bó bá jinná dáadáa. Èyí tó kán sórí ẹ̀fọ́ nínú báàgì ńkọ́? Èyí tó wà lọ́wọ́ ìyá tó gé e, tó fi ọwọ́ kan náà gbé ọmọ ńkọ́? Ìsọ̀ ni iṣẹ́ ìmọ́tótó yẹn ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kó o kó ẹrù rẹ wá sílé? Ìyẹn náà, rárá. Ilé wa ò kọ̀ ẹ́, yàrá rẹ wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, bí a bá yọ ti ìyá rẹ tó ti kó àpò gàrí síbẹ̀ kúrò. Àárò rẹ ń sọ mí. Bí mo bá dé láti ọjà, mo ṣì máa ń fẹ́ pè ẹ́ kó o wá gba àpò lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n Wasiu ò ṣẹ̀ ẹ́, a kì í sì torí omi ìkòkò tú ilé.

Ohun tí a máa ṣe rèé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo ń bọ̀ ní Itori. Mo ti bá Wasiu sọ ọ́, ó sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé àna wọn ń bọ̀ wá kí wọn. Ọmọ èèyàn gidi ni ìyá ọkọ rẹ, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n máa pa adìẹ fún mi. Kò sí bí inú ṣe lè bí wọn sí ẹ tó tí wọ́n á jẹ́ kí àna wá kó sì padà láìjẹun. Ìyàwó ilé ló ń tọ́jú oúnjẹ àna, nítorí náà wọ́n máa ránṣẹ́ pè ẹ́.

Kí wọ́n tó ti adìẹ náà bọ omi, kúnlẹ̀, kó o ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé omi tuntun kaná fún adìẹ bàbá mi.” Wọn ò ní kọ̀. Kò sí obìnrin tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní Abẹ́òkúta pé inú run àna òun lẹ́yìn tó jẹun nílé òun. Tu adìẹ náà. Fa ìfun rẹ̀ jáde lódidi. Fi búta da omi sí i kó ṣàn lọ. Fọ pákó kó o tó gé e. Má sọ ọ̀rọ̀ kankan. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa wò ẹ́.

Bí mo bá jẹun tán, n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ. Lẹ́yìn náà, n ó kúrò lórí àga, n ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn, èmi tí mo fi ọmọ fún wọn. Wọ́n máa dìde, wọ́n á ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. N ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà ẹ́ padà sí ìsọ̀. Tí wọ́n bá ti gbà, tó ku àwa méjì péré, n ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n léèrè pé, “Ìyá Wasiu, adìẹ tí ẹ fún mi jẹ yìí, ṣé bí ẹ ṣe máa ń fọ ti oníbàárà náà nìyẹn?”

Mi ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n lè bínú. Wọ́n lè dákẹ́. Bí wọ́n bá ní bí àwọn ṣe ń ṣe é làwọn á máa ṣe é, má fọwọ́ kan ìkòkò yẹn mọ́. Bọ̀wọ̀ fún wọn, máa se oúnjẹ wọn, máa tọ́jú ọkọ rẹ, kó o sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe ní Itori. Èmi àti ìyá rẹ máa ràn ẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa wo abọ́ tí mo ti jẹ tán, wọ́n á sì rántí tíṣà yẹn, nítorí òun náà, àna ẹnìkan ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rafiu.